Ohun tó ń ba iṣẹ́ línò jẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́ ọ

Línò ni ohun pẹlẹbẹ tí a ń fi ọ̀bẹ fín àwòrán tàbí ọ̀rọ̀ sí lára, tí a ń fi íńkì kùn, tí a sì ń tẹ̀ sórí bébà. Ibi tí ọ̀bẹ bá ti gé lára rẹ̀ ti lọ nìyẹn, kò ní padà mọ́. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àṣìṣe tí mo ń rí, wọ́n ti ṣẹlẹ̀ kí ọ̀bẹ tó kan línò rárá.

Láti ọjà ni. Kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà tí a ń tẹ́ sí yàrá kì í ṣe línò. Òróró irúgbìn ọ̀gbọ̀ àti lẹ́búlẹ́bú kọ́ọ̀kì wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe línò, ẹ̀yìn rẹ̀ sì dà bí àpò kókó. Ẹ yí i padà wò kí ẹ tó sanwó. Rọ́bà máa ń yọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ, ìka ló sì máa ń gbà á. Nítorí náà, ọwọ́ kejì ò gbọdọ̀ sí níwájú ọ̀bẹ láéláé.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti lẹ́tà. Ohun tí a bá fín, òdì rẹ̀ ló ń jáde sórí bébà, bí ìgbà tí èèyàn ń wo dígí. Wọ́n á rántí yí lẹ́tà padà, wọ́n á gbàgbé àmì ohùn. Mo ti fín “ọkọ̀” rí. Mo to lẹ́tà láti ọ̀tún sósì, mo yí k, mo wá fi àmì dò sílẹ̀ bó ṣe ń wà nínú ìwé. Ogójì bébà ni mo ti tẹ̀ kí n tó rí i pé “ọkọ́” ló wà lára gbogbo wọn. Lórí línò, mí ni kí ẹ fín kí dò tó lè jáde. Àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ẹ fara balẹ̀ fín àyíká rẹ̀ ná, kí ẹ tó mú ọ̀bẹ ẹlẹ́nu fífẹ̀.

Ẹ má sì gbẹ́ abẹ́ ìlà tín-ín-rín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kó fẹ̀ ju orí lọ, bí ebè iṣu, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á wó nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́.

Tó bá kan íńkì, etí ni kí ẹ lò. Tó bá tó, rólà tí a fi ń kun íńkì á máa dún ṣẹ̀ẹ̀ṣẹ̀ẹ̀ lórí dígí tí a tẹ́ íńkì sí. Tó bá ń dún bí ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ti pọ̀ jù, á sì dí ìlà tí ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta fín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ju línò tí ẹ ti lò nù. Bruce Onobrakpeya, àgbà oníṣẹ́ ọnà tó kọ́ni ní St Gregory’s College l’Ékòó, ti ń lẹ línò tó ti tẹ̀ tán mọ́ pákó láti àwọn ọdún 1960, ó ń fún un ní àwọ̀ idẹ, ó sì ń di iṣẹ́ ọnà ara ògiri. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti kọ 1/20 sábẹ́ bébà, ìyẹn ẹ̀dà kìíní nínú ogún, ẹ má tẹ ìkọkànlélógún láti ara línò yẹn. Nọ́ńbà yẹn ni ẹni tó ra tirẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé.