Owó tí à ń fi ránṣẹ́ sọ́mọ nílùú òyìnbó: àṣìṣe tó ń jẹ́ kó pẹ́ tàbí kó dín

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ o, èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́ báǹkì. Léèsì ni mo ń tà ní Balógun, ọmọ mi ọkùnrin ló wà ní Leeds, gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, owó ara mi ni mo fi kọ́ ọ. Ní Èkó yìí gbogbo wa la mọ bí owó ṣe ń wọlé láti òkè òkun, ẹ̀gbọ́n rán, àbúrò rán, alẹ́ẹ̀tì dún, a jẹun. Èyí tó ń jáde lọ gan-an ló ń dà wá lórí rú, torí kò sẹ́ni tó kọ́ wa, oníkálukú ń ṣe é bí aládùúgbò ẹ̀ ṣe ṣe é.

Ohun tó kọ́kọ́ máa ń ṣe wá ni pé réètì nìkan là ń wò. Ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣẹ́ owó, ìbéèrè kan náà lẹ máa gbọ́, "èló ni dọ́là lónìí?" Kò sẹ́ni tó ń bèèrè pé èló ló máa dé ọwọ́ ọmọ. Owó tó bá gba SWIFT kọjá, ìyẹn ọ̀nà tí àwọn báǹkì fi ń ránṣẹ́ owó síra wọn láti ìlú dé ìlú, lè dé ọwọ́ báǹkì míì lójú ọ̀nà, báǹkì yẹn náà á sì bu tiẹ̀ níbẹ̀. Lórí fọ́ọ̀mù tí ẹ máa kọ ní báǹkì, ibì kan wà tí wọ́n kọ OUR, SHA, BEN sí, lẹ́tà kéékèèké báyìí, ẹ má fojú fò ó. OUR ni kí ẹ̀yin tó ń ránṣẹ́ san gbogbo ṣájì, SHA ni kí ẹ san ti ibí, kí wọ́n yọ ìyókù lára owó bó ṣe ń lọ, BEN sì ni kí wọ́n yọ gbogbo ẹ̀ lára owó ẹni tó fẹ́ gbà á. Èmi ò mọ̀, SHA ni wọ́n máàkì fún mi, owó ilé ìwé wá dé, ó dín pọ́ùn 18. Pọ́ùn 18 péré o! Ilé ìwé ní ọmọ ṣì jẹ gbèsè, wọn ò jẹ́ kó forúkọ sílẹ̀. Mo ní kí n fi 18 yẹn ránṣẹ́, ṣájì tí wọ́n pè fún mi fẹ́ẹ̀ ju owó ọ̀hún fúnra ẹ̀ lọ, ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ló yá a níkẹyìn. Látìgbà yẹn, owó ilé ìwé, OUR ni mo ń ní kí wọ́n máàkì. Owó oúnjẹ lè dín díẹ̀, kò pa ẹnikẹ́ni.

Ti ọjọ́ tún wà níbẹ̀, èyí tó dùn mí jù nìyẹn. Ọjọ́ Ẹtì, 25 oṣù kẹjọ 2023, mo wà nínú báǹkì kan ní Marina, aago mẹ́ta ti fẹ́ lù, mo ti tò títí ẹsẹ̀ mi ti wú. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ni rẹ́ǹtì ọmọ máa pé, mo rí ọ̀sẹ̀ kan gbáko níwájú mi, mo ní ó ti tó. Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà gba fọ́ọ̀mù, ó wo aago ara ògiri, ó wo ojú mi, ó ní "Màmá, èyí ti di Mọ́ńdè o." Mo ní kò burú. Àṣé Mọ́ńdè yẹn, ọjọ́ 28, họlidé ni wọ́n ń ṣe ní UK, báǹkì wọn ò ṣí. Ọjọ́ Túsìdeè ni owó náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílẹ̀, Túsìdeè ọ̀sẹ̀ kejì ló tó wọlé, lánlọ́ọ̀dù ti kọ ìméèlì mẹ́ta. Ohun tó gbà wá ni ìwé tí wọ́n ń pè ní MT103, tó ń fi hàn pé owó ti kúrò lọ́dọ̀ wa lóòótọ́, ọmọ fi bẹ ọkùnrin náà. Ẹ máa gba ìwé yẹn o, ẹ má dúró dìgbà tí ọ̀rọ̀ bá dojú rú. Tí ẹ bá sì fẹ́ mọ ọjọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ lọ sí báǹkì, ẹ ka ọjọ́ láti ẹ̀yìn wá: ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbowó níbẹ̀, ẹ yọ wíkẹ́ǹdì, ẹ yọ họlidé tiwọn, ẹ yọ Iléyá àti October 1 tiwa, ẹ tún wá fi bí ọjọ́ márùn-ún sí i. Owó tó bá sì ń lọ sí Kánádà, ẹ rántí pé tí aago mẹ́ta bá lù ní Èkó lásìkò òtútù, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni ní Toronto.

Àwa oníṣòwò tún ní àìsàn kan, a máa ń dúró de réètì. 14 oṣù kẹfà 2023 ni CBN, báǹkì àgbà ilẹ̀ wa, tú náírà sílẹ̀ kó wá ipò ara ẹ̀. Kó tó dọjọ́ yẹn, dọ́là ní báǹkì ò ju nǹkan bíi náírà 470 lọ. Bó ṣe gòkè báyìí, èmi ní á wálẹ̀, bí a ṣe ń ṣe fún ọjà tó wọ́n nìyẹn, a máa ń fi sílẹ̀ kó rọ̀. Kò rọ̀. Mo dúró, mo dúró, oṣù kejì 2024 dé, ó kọjá 1,800 lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó. Ẹ̀rù wá bà mí, mo ra gbogbo owó ilé ìwé tó kù lẹ́ẹ̀kan náà, mo sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Oṣù kẹrin dé, ó já sí bíi 1,200. Mo dúró, mo jìyà, mo sáré, mo tún jìyà! Ní báyìí díẹ̀díẹ̀ ni mo ń rà á, bí mo bá ti tajà lóṣù mo bu díẹ̀ sí dọ̀m akáǹtì, ìyẹn akáǹtì tí wọ́n ń fi dọ́là tàbí pọ́ùn sí, mi ò kí ń bèèrè bóyá ó máa wálẹ̀ lọ́la. August sí September ni gbogbo òbí ń wá dọ́là, ẹni tó bá dúró dìgbà yẹn kó tó bẹ̀rẹ̀, àti èrò àti owó ló máa bá jà.

Èyí tó kàn yìí, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹnì kan á ní òun ní pọ́ùn nílùú òyìnbó, òun fẹ́ náírà ní Èkó, ẹ san náírà fún ìyàwó òun ní Surulere, òun á san pọ́ùn fún ọmọ yín lọ́hùn-ún. Réètì ẹ̀ máa ń dáa, ó sì yára, ká má purọ́. Ṣùgbọ́n ta ló san pọ́ùn yẹn, níbo ló ti rí i? Ọmọ ẹnì kan tí a jọ wà ní láìnì kan náà, irú owó bẹ́ẹ̀ wọ akáǹtì ẹ̀, orúkọ ẹni tí kò mọ̀ rí ló gbé e wá, báǹkì ti akáǹtì pa, wọn ò sì ṣàlàyé kankan fún un. Ní UK wọ́n lè kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Cifas, àjọ tó ń tọ́jú orúkọ àwọn tí wọ́n ní wọ́n lọ́wọ́ nínú jìbìtì, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, nígbà yẹn kò ní rọrùn fún un láti ṣí akáǹtì míì. Owó olè ni wọ́n lè máa gbà kọjá lára ọmọ yín. Nítorí náírà 20 lórí dọ́là? Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ẹ̀.

Ẹni tí ọmọ ẹ̀ ò tíì lọ náà ní tiẹ̀. Owó tí wọ́n fẹ́ rí fún físà akẹ́kọ̀ọ́ UK gbọ́dọ̀ wà nínú akáǹtì fún ọjọ́ 28 tó tẹ̀ lé ara wọn láìdín, ọjọ́ tí 28 yẹn pé kò sì gbọ́dọ̀ ju 31 lọ sẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ béèrè físà. Àwọn kan á dé ọjọ́ ogún, wọ́n á yọ díẹ̀ fi san dìpósíìtì ilé, owó á dín sí iye tí wọ́n fẹ́, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ ìkà láti ọjọ́ kìíní.

Àwọn tó kù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ pẹ̀lú káàdì náírà nìkan, ní 2022 àwọn báǹkì kan gé tiwọn sí dọ́là 20 lóṣù, ìyẹn ò ra oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó bá ń gbé owó lọ fún yín, tó bá ju dọ́là 10,000 lọ, ó gbọ́dọ̀ sọ fún kọ́sítọ́ọ̀mù ní pápákọ̀ òfurufú. Form A tí báǹkì fi ń ta owó ilé ìwé fún wa, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kí ẹ sì wo orúkọ dáadáa, torí Oluwaseun lórí páásípọ́ọ̀tù àti Seun lórí ínfọ́ìsì, ẹni méjì ni wọ́n lójú báǹkì.

Nọ́ńbà akáǹtì náà ńkọ́? Tiwa jẹ́ 10, ti UK jẹ́ 8 pẹ̀lú sort code 6 tó ń tọ́ka sí báǹkì, IBAN wọn, ìyẹn nọ́ńbà akáǹtì tí wọ́n ń lò fún owó tó ń ti òkèèrè bọ̀, sì jẹ́ 22, GB ló fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ kọ ọ́ ránṣẹ́, ẹ má kọ ọ́ lórí fóònù bó ṣe ń pè é, tèmi ti gbọ́ B bí D rí. Akáǹtì tuntun, owó kékeré ni mo kọ́kọ́ ń jẹ́ kó lọ. Tí ọmọ bá ní ó ti wọlé, mi ò kí ń gba "bẹ́ẹ̀ ni" lásán, mo máa ń ní kó ka iye ẹ̀ fún mi, pẹ́nì tó wà lẹ́yìn ẹ̀ náà.