Bí mo ṣe yọ kòkòrò kúrò lára fláàṣì ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Òmù-Àrán. Nígbà tí wọ́n wá kí wa ní Ìlọrin, wọ́n yọ fláàṣì kan látinú báàgì.

"Ọkọ mi, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Èsì ìdánwò àwọn ọmọ SS2 ló wà níbẹ̀, wọ́n ní kí n fọ́mátì ẹ̀."

Mo ní, "Àǹtí, ẹ má fọ́mátì nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká wò ó ná."

Ọ̀rọ̀ fọ́mátì yẹn máa ń dùn mí, nítorí fáìlì tí nǹkan kan ò ṣe ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fọwọ́ ara wọn pa rẹ́ báyẹn. Mo ki fláàṣì bọ laptop wọn. Gbogbo fódà ló hàn lóòótọ́, àmọ́ ọfà kékeré kan wà ní igun àwòrán ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n wọn ò sì ju 2KB lọ: ọ̀nà àbùjá (shortcut) lásán ni wọ́n, kì í ṣe fódà gan-an. Síbẹ̀, mo wo àyè tó ti kún lórí fláàṣì náà, ó lé ní 3GB. Ọkàn mi balẹ̀. Iṣẹ́ Àǹtí kò lọ síbì kankan, kòkòrò kàn fi í pamọ́ ni.

N kò ṣí ọ̀kankan nínú wọn. Bọ́tìnì ọ̀tún máòsì ni mo tẹ̀ lórí fódà èsì, mo yan Properties, mo ka ohun tó wà níwájú Target. Orúkọ fódà náà wà ní ìparí, àmọ́ ṣáájú rẹ̀, àṣẹ wà pé kí cmd.exe, ojú ibi tí èèyàn ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, kọ́kọ́ ṣí fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .vbs, ìyẹn fáìlì àṣẹ tí Windows lè mú ṣe. Ibẹ̀ ni ẹ̀tàn rẹ̀ wà. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ á rí iṣẹ́ rẹ̀ kó ṣí, kò ní fura, bẹ́ẹ̀ kòkòrò ti kó ara rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó ń dúró de fláàṣì mìíràn.

Ọgbọ́n yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kòkòrò ILOVEYOU tó gba ayé kan ní oṣù Karùn-ún ọdún 2000, .vbs ni òun náà. Orúkọ fáìlì rẹ̀ ní TXT kó tó kan .vbs, Windows sì máa ń fi ìparí orúkọ pamọ́, ìwé lásán làwọn èèyàn pè é. Conficker, lọ́dún 2008, lo AutoRun, èyí tó ń jẹ́ kí Windows ṣí ohun tó wà lórí fláàṣì fúnra rẹ̀, láti máa gba orí fláàṣì rìn. Nígbà tí Microsoft wá pa AutoRun fláàṣì lórí àwọn Windows àtijọ́ ní 2011, ọwọ́ èèyàn ni àwọn tó ń kọ kòkòrò tún yíjú sí.

Laptop ni mo kọ́kọ́ tọ́jú, kì í ṣe fláàṣì. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe wàhálà lásán nìyí: wọ́n á pa ọ̀nà àbùjá rẹ́ lórí fláàṣì, kòkòrò tó ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà á sì tún un kọ lójú ẹsẹ̀. Mo ṣí Task Manager, mo rí wscript.exe, ètò Windows tó ń mú fáìlì .vbs ṣiṣẹ́, mo dá a dúró. Mo wo Startup, orúkọ .vbs yẹn náà wà níbẹ̀ kó lè máa jí bí laptop bá ti tàn. Mo pa á níbẹ̀, mo sì tọpa fáìlì rẹ̀ dé AppData, fódà tí Windows máa ń fi pamọ́, mo pa á rẹ́.

Ìgbà yẹn ni mo tó kàn fláàṣì. Mo ṣí cmd, mo tẹ E:, lẹ́tà tí laptop fún fláàṣì náà, láti bọ́ sórí rẹ̀, mo wá tẹ:

attrib -h -r -s /s /d *.*

H ni ìfipamọ́, S ló ń pe fáìlì ní ti Windows fúnra rẹ̀, R ni kì í jẹ́ kó ṣeé tún kọ. Àmì ìyọkúrò ló ń bọ́ wọn kúrò. Àwọn fódà tòótọ́ yọ jáde. Àǹtí ṣí èsì SS2, wọ́n fi ìka tọ orúkọ àwọn ọmọ wọ́n láti òkè dé ilẹ̀. "Ọlọ́run ṣeun, gbogbo wọn ló pé."

Wọ́n bi mí bóyá báyìí náà ni gbogbo fáírọ́ọ̀sì ṣe ń ṣe. Rárá o. Irú WannaCry tó jà lọ́dún 2017 máa ń fi kọ́kọ́rọ́ ti inú fáìlì pa, á ní kéèyàn wá san owó. Attrib kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ̀dà tó wà níbòmíràn ló ń gbani lọ́wọ́ ìyẹn. Torí náà mo kó àwọn èsì náà sórí Google Drive Àǹtí kí n tó fọwọ́ kan ohun mìíràn.

Mo pa gbogbo ọ̀nà àbùjá àti .vbs rẹ́. Nígbà tí iná dé, mo jẹ́ kí Microsoft Defender ṣe àyẹ̀wò offline, èyí tó máa ń pa kọ̀ǹpútà, tó ń tún un tàn, tó sì ń wá kòkòrò kí Windows tó jí. Mo wá ṣí File name extensions sílẹ̀ nínú View, kí Àǹtí lè máa rí ìparí orúkọ gbogbo fáìlì.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé ni kòkòrò yẹn ti wá, níbi tí fláàṣì gbogbo ayé ti ń wọ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Fláàṣì mìíràn ni Àǹtí ń gbé lọ síbẹ̀ báyìí, fáìlì tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ nìkan ló ń wà lórí rẹ̀, PDF sì ni.