Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Koríko Ìjẹko Bọ̀ Sípò Lẹ́yìn Ọ̀dá

Ní Òkè-Ògùn, láti Ìṣẹ́yìn dé Ṣakí, òjò máa ń dá ní nǹkan bí oṣù kọkànlá, ó sì di oṣù kẹrin kó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Kó tó dìgbà náà, koríko gíní àti èèsún á ti gbẹ débi tí èèyàn á fi rò pé wọ́n ti kú. Koríko tí ọ̀dá bá mú máa ń ká ewé rẹ̀, á jẹ́ kí ti òkè gbẹ dànù, á sì tọ́jú oúnjẹ rẹ̀ sí ìdí àti gbòǹgbò.

Ẹ fi ọ̀bẹ la ìdí mélòó kan káàkiri pápá. Bí inú rẹ̀ bá funfun tó sì tutù, ó wà láàyè. Èyí tó bá gbẹ tó ń rún, ẹ kà á sí òkú. Lẹ́yìn náà, ẹ gé ewé gbígbẹ, kó ku ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì sókè ilẹ̀. Dòjé ni kẹ́ ẹ lò. Àdá yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń gé e mọ́lẹ̀ jù. Ẹ má dáná sun ún.

Òjò àkọ́rọ̀ ló ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Pápá á tutù yọ̀yọ̀, ebi á sì ti ń pa ẹran, ni wọ́n bá tú wọn sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é! Oúnjẹ tó wà nípamọ́ ní ìdí ni koríko ná láti yọ ewé àkọ́kọ́ yẹn. Kò tíì rí òmíràn kó jọ. Bí ẹran bá já a, á tún ná ìyókù. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, àpò ti gbẹ nìyẹn, ewé Akíntọ́lá ló máa gba ilẹ̀.

Òjò kan ṣoṣo kọ́ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà, nítorí ó lè rọ̀ lónìí kó tún dá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìgbà tó bá ti ń rọ̀ déédéé ni kẹ́ ẹ ka ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà. Koríko gíní gbọ́dọ̀ dé orúnkún àgbàlagbà kí ẹran tó wọlé, kí wọ́n sì jáde nígbà tó bá ku ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì yẹn. Ẹni tí kò lówó wáyà lè so ẹran mọ́ èèkàn.

Èèpo ẹ̀gẹ́ tí ẹ sá gbẹ dáadáa àti ewé àgúnmánìyè ni kí wọ́n máa jẹ ní gbogbo àsìkò yìí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dé ibi tí ọkà bàbà ti ń rú lẹ́yìn ọ̀dá. Ewé kékeré rẹ̀ ní májèlé tó lè pa màlúù.

Nígbà tí ilẹ̀ bá ti rin dáadáa, ẹ fọ́n ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà sí i. Ibi tó bá ṣófo, ẹ ya ìdí koríko gíní gbìn síbẹ̀. Ti èèsún, ẹ gé igi tó ní ojú mẹ́ta, kẹ́ ẹ ri méjì mọ́lẹ̀.