Bí Àìsàn Ìfun Bá Ń Fa Àárẹ̀: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nídìí Oúnjẹ

Àárẹ̀ tí àìsàn ìfun ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń fà kì í ṣe irú èyí tí oorun alẹ́ kan ń mú kúrò. Ẹni tí ó ní àìsàn Crohn, tí ó lè mú ibikíbi láti ẹnu títí dé ihò ìdí, tàbí ulcerative colitis, tí ó máa ń dá egbò sí ìfun ńlá, lè sùn láti alẹ́ di òwúrọ̀ kí ara rẹ̀ sì wúwo bí ẹni pé kò fojú kan oorun rárá. Àárẹ̀ náà lè wà níbẹ̀ nígbà tí inú rírun ti rọlẹ̀ tí ìgbẹ́ gbuuru sì ti dáwọ́ dúró, èyí tí ó fi jẹ́ pé àwọn ará ilé a máa pe aláìsàn náà ní ọ̀lẹ. Nítorí pé inú ni àìsàn wà, oúnjẹ ni ó kọ́kọ́ ń wá sí gbogbo ènìyàn lọ́kàn: kí ni kí a jẹ, kí ni kí a yẹra fún, kí ni yóò dá okun padà? Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni ó ń fi oúnjẹ dí àlàfo tí wọn kò tíì mọ ibi tí ó wà.

Àṣìṣe tí ó tóbi jù lọ ni kí a máa wo àárẹ̀ yìí láìṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, bí ó bá ti ń rẹ ènìyàn, ibà ni wọn yóò kọ́kọ́ pè é, lẹ́yìn náà táífọ́ọ̀dù. Bí a bá lo oògùn méjèèjì tí kò lọ, wọn a ní ẹ̀jẹ̀ ni kò tó lára. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ má tó lóòótọ́, nítorí pé ìfun tí ó ní egbò a máa ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà mìíràn láìsí pé ojú rí i. Ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ni àìtó ẹ̀jẹ̀. Ó lè jẹ́ èròjà irin ni ó tán, ó lè jẹ́ fítámì B12, ó lè jẹ́ fólétì, ó sì lè jẹ́ pé wíwú tí ìfun ń wú ni kò jẹ́ kí ara lo irin tí ó wà nípamọ́. Oúnjẹ tí ó tún ọ̀kan ṣe lè má ṣe nǹkan kan fún èkejì. Nítorí náà, bí ìwé èsì bá ti dé láti láàbù, ẹ má ṣe wo PCV, ìyẹn ìdá tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ẹ̀jẹ̀, nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka hemoglobin, èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ tí ó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara, tí ó bá wà nísàlẹ̀ 13 fún ọkùnrin, tàbí 12 fún obìnrin tí kò lóyún, sí àìtó ẹ̀jẹ̀, ní ìwọ̀n gíráàmù nínú désílítà kan. Ferritin, tí ó ń fi irin tí ara kó pamọ́ hàn, ni ó máa ń tan ènìyàn jẹ. Nígbà tí ìfun kò bá wú, ohun tí ó bá wà nísàlẹ̀ máíkírógíráàmù 30 nínú lítà kan ni a ń pè ní àìtó irin. Bí ìfun bá ń wú lọ́wọ́, ó lè gòkè dé 100 kí irin sì ṣì kù díẹ̀ káàtó.

Ẹni tí kò bá ṣe àyẹ̀wò yìí ni ó máa ń sá di mọ́ọ̀tì àti mílíìkì. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò dun àwọn kan, nítorí pé kò sí ẹni tí a lọ kí ní ilé ìwòsàn tí a kò gbé mọ́ọ̀tì lọ fún. Ṣúgà ni ó pọ̀ jù nínú mọ́ọ̀tì. Irin inú mílíìkì kò tó nǹkan, kálísíọ́mù inú rẹ̀ sì tún máa ń dí irin tí ó wà nínú oúnjẹ mìíràn lọ́wọ́. Omi ewé ùgú sàn jù ú lọ, nítorí pé ó ní fólétì àti irin díẹ̀, àmọ́ ó ṣòro fún ara láti fa irin inú ewé ju ti inú ẹran, ẹja àti ẹ̀dọ̀ lọ; bí a bá sì fún ewé náà ní tútù láìfọ̀ ọ́ dáadáa, kòkòrò àrùn ni a ń gbé fún ìfun tí kò lágbára. Ẹ̀fọ́ tí a sè, tí a fi ẹran tàbí ẹja sí, tí a sì jẹ ọsàn tẹ̀lé, ṣe ara lóore ju ife omi ewé lọ, nítorí pé ẹran àti fítámì C inú ọsàn máa ń ran irin inú ewé lọ́wọ́ láti wọlé.

Àwọn tí dókítà ti kọ irin fún pàápàá ní àṣìṣe tiwọn. Ẹ wo òwúrọ̀ ilé kan: búrẹ́dì wà lórí tábìlì, wọ́n ti po tíì kòkó tí mílíìkì inú rẹ̀ ki, aláìsàn sì ju oògùn irin sẹ́nu, ó fi tíì náà gbé e mì. Mílíìkì ń dí irin lọ́wọ́, kòkó ń dí i lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni tíì dúdú àti kọfí. Lẹ́yìn oṣù méjì, PCV wà níbi tí ó wà, wọn a ní oògùn ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn. Omi tàbí omi ọsàn ni kí a fi lo oògùn náà, kí tíì sì dúró fún wákàtí kan sí méjì. Àwọn mìíràn a sọ ọ́ di ìlọ́po méjì kí ó lè yá, bẹ́ẹ̀ sì ni irin tí ìfun kò bá lè fà yóò dúró síbẹ̀, yóò máa run inú. Bí ìfun bá ń wú lọ́wọ́, tàbí tí hemoglobin bá ti lọ sílẹ̀ ju 10 lọ, inú iṣan ni àwọn dókítà sábà máa ń fa irin náà gbà. Ẹ má sì jẹ́ kí ìgbẹ́ dúdú tí oògùn irin ń fà já yín láyà, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá dúdú bí ọ̀dà, tí ó ń lẹ̀, tí ó sì ń rùn gan-an, ẹ fi hàn dókítà. Ẹni tí ó bá ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde kò gbọdọ̀ lo irin láìṣe àyẹ̀wò rárá, pàápàá bí wọ́n bá ti ń fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, nítorí pé irin lè pọ̀ jù lára irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ B12 tún yàtọ̀. Ìparí ìfun kékeré ni ara ti ń fa á, ibẹ̀ náà sì ni àìsàn Crohn fẹ́ràn jù láti bà jẹ́. Ẹni tí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún tí wọ́n sì gé ju sẹ̀ǹtímítà 20 kúrò níbẹ̀ lè jẹ ẹ̀dọ̀ ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́ kí B12 rẹ̀ má sì gòkè, nítorí pé ọ̀nà tí ó ń gbà wọlé ti kúrò. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n sábà máa ń gún fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ látìgbàdégbà. Àwọn tí ń lo methotrexate tàbí sulfasalazine, tí wọ́n wà lára oògùn tí a fi ń tọ́jú àìsàn ìfun yìí, ní láti béèrè nípa fólétì bákan náà, nítorí pé oògùn méjèèjì máa ń dènà rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ tún ń kó ọ̀pọ̀ wa sínú àṣìṣe mìíràn. Bí wọ́n bá ti rí i, wọn a ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ṣúgà ni ó fà á. Àgbo tí wọ́n rẹ sínú ògógóró dé nìyẹn, láti ọwọ́ ẹni tí ń kiri ní ibùdókọ̀. N kò sọ pé gbogbo ewé ni ó burú, ṣùgbọ́n àgbo tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ṣí ìgbẹ́ kò yẹ ẹni tí ó ti ń ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bọ̀ láti àárọ̀. Ó ń kó omi, iyọ̀ àti potásíọ́mù jáde lára. Potásíọ́mù tí ó bá sì lọ sílẹ̀ a máa sọ iṣan di aláìlágbára, débi pé àárẹ̀ tí wọ́n fẹ́ wò ni wọ́n tún ń dá kún. Bí aláìsàn náà bá ń lo methotrexate, ọtí inú àgbo àti oògùn náà yóò jọ máa da ẹ̀dọ̀ rẹ̀ láàmú.

Èyí tí ó dà bí ìtọ́jú gidi, tí ó sì ń tán okun jù, ni fífi ògì àti ẹ̀kọ nìkan bọ́ aláìsàn. Ìyá tí ó po ògì fún ọmọ rẹ̀ tí inú ń run kò ṣe ohun tí ó burú, nítorí pé ó rọ ìfun lọ́rùn fún ọjọ́ kan sí méjì. Ìṣòro ni pé ọjọ́ méjì yóò di oṣù méjì. Omi àti èròjà afúnnilókun ni ó pọ̀ jù nínú ife ògì. Èròjà amúaradàgbà inú rẹ̀ kéré. Bẹ́ẹ̀ ni ara tí ìfun rẹ̀ ń wú nílò gíráàmù 1.2 sí 1.5 èròjà amúaradàgbà lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ó wọ̀n. Ẹni tí ó wọn kílò 60 nílò gíráàmù 72 sí 90, ẹyin kan kò sì ní ju nǹkan bíi 6 lọ. Bí irú oúnjẹ yìí kò bá sí, iṣan ara ni ara yóò máa tú jẹ, kò sì sí bí àtẹ̀gùn ilé kò ṣe ní í di òkè fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ po mílíìkì ẹlẹ́bú tàbí ìyẹ̀fun sóyà mọ́ ògì náà, ẹ lọ edé gbígbẹ kúnná sí ọbẹ̀, ẹ se ẹja tútù, ẹ sì rántí mọ́ínmọ́ín, tí a ti bó èèpo ẹ̀wà rẹ̀ tí a sì ti lọ̀ ọ́ kúnná, tí ó fi rọrùn fún ọ̀pọ̀ ju ẹ̀wà sísè lọ. Ẹ má retí pé kí ẹni tí ó rẹ̀ jẹ àwo ńlá ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí ẹ̀ẹ̀mẹfà.

Àwọn mìíràn ń gé oúnjẹ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí fídíò tí wọ́n wò lórí fóònù: ẹ̀wà lọ, mílíìkì lọ, ẹ̀fọ́ lọ, títí yóò fi ku ìrẹsì funfun. Òótọ́ ni pé ẹni tí ìfun rẹ̀ ti fún níbì kan gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún àgbàdo, àgbọn, ẹ̀pà àti awọ ọsàn, kí wọ́n má baà dí i pa. Ẹni tí kò ní èyí kò ní ìdí láti sá fún ẹ̀fọ́ títí ayé. Mílíìkì máa ń da ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ilẹ̀ wa nínú rú, ṣùgbọ́n wàrà dídì àti yógọ́ọ̀tì rọ̀ wọ́n lọ́rùn jù, egungun ẹni tí ó ń lo prednisolone, oògùn steroid tí ó ń mú kí ìfun wú dín kù ṣùgbọ́n tí ó lè sọ egungun di ẹlẹgẹ́, sì nílò kálísíọ́mù.

Obì, kọfí àti energy drink ń yá ìfun lẹ́sẹ̀, wọ́n sì ń lé oorun alẹ́ lọ.

Nípa omi, ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe tí ó ń mu omi lásán ṣáá kò dá iyọ̀ tí ó lọ padà. Ẹ fi ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, tí a gé orí wọn tẹ́jú, sínú lítà omi mímọ́ kan, kí iyọ̀ má sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tí ìgbẹ́ wọn ń gba inú àpò ara ikùn jáde lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ nílò èyí tí iyọ̀ rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ni yóò sì wọ̀n ọ́n fún wọn. Nítorí èyí náà ni ààwẹ̀ tí a kì í fi omi kan ẹnu fi léwu nígbà tí ìfun bá dá egbò. Ìsìláàmù fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda kí aláìsàn jẹun, kí ó sì san án padà lọ́jọ́ mìíràn.

Fún àwọn ènìyàn wa tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Manchester, oúnjẹ nìkan kò lè fún wọn ní fítámì D tí ó tó. Ìjọba ibẹ̀ gba àwọn aláwọ̀ dúdú nímọ̀ràn láti ronú lórí lílo máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́ jálẹ̀ ọdún.

Èyí tí ó ń kó ènìyàn sí ewu jù ni kí ara yá díẹ̀ kí a sì pa oògùn tì, pé oúnjẹ ti wò ó sàn. Ẹni tí ó ti lo prednisolone fún ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí ó sì dá a dúró lójijì lè ṣubú lulẹ̀, nítorí pé ara ti gbàgbé bí ó ṣe ń pèsè irú èròjà steroid bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Àárẹ̀ tí yóò tẹ̀lé e lè ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí òòyì bá ń kọ́ aláìsàn nígbà tí ó bá dìde, tí ó ń mí gúlegúle, tí àyà rẹ̀ ń sáré, tí ìtọ̀ rẹ̀ dín kù, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ inú ìgbẹ́ ń pọ̀ sí i, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kí wọ́n sì mú ìwé tí wọ́n kọ orúkọ gbogbo oògùn, àgbo àti fítámì tí ó ń lò sí dání.