Tẹ́ ẹ bá ń lọ ya fọ́tò ní Galápagos
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá ń lọ ya fọ́tò ẹranko láwọn erékùṣù Galápagos l'Ecuador, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pa fíláṣì kámẹ́rà yín kẹ́ ẹ tó sọ̀kalẹ̀, òfin ò gbà á rárá, ẹ sì fi mítà 2 jìnnà sáwọn ẹranko. Àmọ́ báàgì tómi ò lè wọ̀ ló jà jù o, torí láwọn ibì kan inú omi lẹ máa bẹ́ sí látinú ọkọ̀ kékeré, ó lè dé orúnkún. Ní Fernandina, ọ̀kan lára àwọn erékùṣù náà, àwọn alángbá òkun máa ń sùn lé ara wọn lórí àpáta dúdú tí òkè ayọnáyèéfín pọ̀ jáde, wọ́n á kàn sín pẹ́ẹ́n, iyọ̀ á fọ́n jáde nímú wọn, nítorí náà ẹ mú aṣọ tẹ́ ẹ máa fi nu lẹ́ǹsì dání.