Bí A Ṣe Ń Ṣètò Ìpàtẹ Iṣẹ́ Ọnà Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Oyè Másítà

Ìpàtẹ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oyè másítà nínú iṣẹ́ ọnà máa ń ṣe ní òpin ẹ̀kọ́ wọn jẹ́ ìdánwò níwájú àwọn olùyẹ̀wò, ṣùgbọ́n ará ìlú pẹ̀lú yóò wá wò ó. Iṣẹ́ ayàwòrán, agbẹ́gilére, aláàdìrẹ, amọ̀kòkò àti onífọ́tò yóò jọ wà nínú yàrá kan ṣoṣo, nítorí náà ohun tí yóò so wọ́n pọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Ìbéèrè kan ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Àkòrí bíi "Àṣà àti Ìdàgbàsókè" gbòòrò jù, torí kò sí iṣẹ́ tí kò lè wọ abẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè tó ṣe pàtó ló dára: kí ni ó ń ṣẹ́ kù nínú ilé nígbà tí àwọn ọmọ bá ti japa tán? Ayàwòrán lè fi àga tó ṣófo dáhùn, aláàdìrẹ lè ya àpótí ìrìn-àjò sára ìró ìyá, oníṣẹ́ fídíò sì lè gba ohùn àwọn òbí tó ń bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù sílẹ̀, bí wọ́n bá ti fún un láyè. Láti ọdún 1958 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Zaria, tí Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya àti Yusuf Grillo wà lára wọn, ti kóra jọ láti wá bí ẹ̀kọ́ òyìnbó àti ọgbọ́n ilẹ̀ wa yóò ṣe jọ gbé inú iṣẹ́ kan. Ní Ilé-Ifẹ̀, ní ọdún 1989, Moyọ̀ Òkédìjí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ Ọnà sílẹ̀, wọ́n sì gbé ọnà ara ilẹ̀ Yorùbá ka iwájú. Òkédìjí tilẹ̀ ń fi erùpẹ̀ ṣe ọ̀dà. Ohun tí wọ́n ń wá yé wọn, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ wọn fi bára mu láìjọra.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣa iṣẹ́. Èyí tí kò bá dá ìbéèrè náà lóhùn, ẹ yọ ọ́ kúrò, bó ti wù kó dùn ún wò tó. Ẹ ya àwòrán yàrá náà sórí ìwé pẹ̀lú ìwọ̀n ògiri, ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ẹ sì pín àyè lórí ìwé kí ẹnikẹ́ni tó gbé òòlù. Ère nílò àyè tí ènìyàn lè fi yí i ká. Fídíò tó ní ohùn nílò yàrá tirẹ̀, kí ó má baà bo àwọn iṣẹ́ tó kù mọ́lẹ̀.

Bí ẹ bá ń gbé àwòrán kọ́, ẹ jẹ́ kí àárín rẹ̀ wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 150 sókè láti ilẹ̀. Bí àwòrán bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 100, tí wáyà ẹ̀yìn rẹ̀, bí a bá fà á le, sì fi 10 wà nísàlẹ̀ etí òkè, ẹ fi 50, tó jẹ́ ìdajì gíga rẹ̀, kún 150, kí ẹ yọ 10 kúrò: 190 láti ilẹ̀ ni ìṣó yóò wà.

Ìmọ́lẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí. Oòrùn máa ń mú kí aró àdìrẹ ṣá, nítorí náà ẹ má ṣe gbé aṣọ kọ́ sí ìdojúkọ fèrèsé. Ìwọ̀n 50 lux (lux ni a fi ń wọn bí ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sára nǹkan ṣe pọ̀ tó) ni àwọn ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sábà máa ń lò fún aṣọ, 200 sì ni fún àwòrán ọ̀dà olóròóró. Ẹ dán jẹnẹrétọ̀ wò kí ọjọ́ ìṣípàtẹ tó pé, pẹ̀lú gbogbo gílóòbù ní títàn.

Sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ oníṣẹ́, àkọlé, ọdún, ohun tí a fi ṣe é àti ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ kọ àlàyé ẹnu ọ̀nà ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, ní gbólóhùn tí ìyá akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti ọjà yóò lè kà. Mo ka èyí sí ọ̀ranyàn, nítorí ìgbésí ayé irú wọn ni ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ wọ̀nyí ń sọ.

Kí ẹ tó tú ìpàtẹ ká, ẹ ya fọ́tò iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti ti yàrá lódindi, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sí ilé ìkàwé ẹ̀ka, torí pé bí olówó bá ti ra iṣẹ́ lọ, ó ṣòro kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn tó tún fojú kàn án.