Òkun fi í sílẹ̀, èrò etíkun ni ò fi í sílẹ̀

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Adóòlà etíkun ni mí, lápá Lẹ́kkí níbí. Mo wọ omi lọ gbé ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde, àwọn tó dúró sórí yanrìn ni ò jẹ́ kí n ráyè tọ́jú ẹ̀.

Bó ṣe kó sí wàhálà ò ṣàjèjì sí wa. Nígbà òjò, ìgbì òkun Èkó máa ń le gan-an. Omi tí ìgbì bá dà sétí ilẹ̀ gbọ́dọ̀ padà, ojú kan ló sì máa ń gbà padà, á wọ́ ẹni tó bá wà níbẹ̀ lọ sí agbami. Ìgbì kì í fọ́ lójú ibẹ̀, ó máa ń pa rọ́rọ́, ìdí nìyẹn táwọn àlejò fi ń yàn án láàyò. A ti ri àsíá pupa mọ́ yanrìn níbẹ̀. Mo fọn fèrè títí. Ó juwọ́ sí mi, ó tún wọlé sí i. Kò pẹ́, mo rí i tó kọjú sí etíkun, tí orí ẹ̀ dà sẹ́yìn, tí ẹnu ẹ̀ ń rì sómi tó tún ń yọ, kò sì pariwo rárá. Ẹni tó ń rì kì í sáàbà lè kígbe, ojú la fi ń mọ̀ ọ́n.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ìlúwẹ̀ẹ́ dá yín dúró. Ojú omi tó ń fà yẹn náà ni mo gbà wọlé, torí ó ń yára gbéni débẹ̀. Mo ti fóòmù pupa tá a fi ń mú èèyàn léfòó sí i kí n tó sún mọ́ ọn, kó má bàa rọ̀ mọ́ mi lọ́rùn, àmọ́ ọwọ́ ẹ̀ ti rọ. Mo fi fóòmù dè é láyà, mo gba ẹ̀gbẹ́ yọ kúrò níbi tí omi ti ń fà, ìgbì gbé wa bọ̀. Iṣẹ́ yẹn mọ́ mi lọ́wọ́, mo lè fi yangàn níbikíbi.

Orí yanrìn wá ni! Kò mí. Kí n tó gbé orí ẹ̀ sẹ́yìn, bàbá kan ti gbá ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì mú, wọ́n fẹ́ dorí ẹ̀ kodò kí omi lè jáde. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ fi í sílẹ̀, kò mí." Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, Ìlàjẹ ni wọ́n bí mi sí, ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi lọ́rọ̀ omi?" Ẹnì kan ń tẹ ikùn ẹ̀. Ìyá kan ń gbé epo pupa bọ̀ nínú ife. Àwọn tó kù na fóònù sókè, wọ́n ń ká fídíò, wọ́n dí afẹ́fẹ́ mọ́ wa.

Ikùn tí wọ́n ń tẹ̀ yẹn, oúnjẹ ló máa tì jáde, tá á sì gba ọ̀fun bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Àìsí afẹ́fẹ́ ló ń pa á lójú wa, ọpọlọ ò sì lè dúró de àríyànjiyàn. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Obìnrin kan tó ń sun àgbàdo ló gbà mí. Ó fi abẹ̀bẹ̀ lé àwọn oní-fóònù sẹ́yìn, ó kúnlẹ̀ bẹ bàbá náà títí wọ́n fi tú ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀.

Mo wá ráyè. Mo gbé àgbọ̀n ẹ̀ sókè, mo fún imú ẹ̀ pa, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀marùn-ún. Fún ẹni tó mumi, atẹ́gùn ló ń ṣáájú. Lẹ́yìn náà ni mo tẹ àárín àyà ẹ̀ nígbà 30, atẹ́gùn 2, mo tún tẹ 30, bí 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìfófòó funfun ń jáde lẹ́nu ẹ̀, mi ò dúró nù ún. Ó wúkọ́, ó bì, mo yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ní báyìí, kí n tó wọ omi, mo máa ń nàka sí ẹnì kan pàtó: "Ẹ̀yin, ẹ pe 767 tàbí 112," ìyẹn nọ́ńbà pàjáwìrì. Mo tún nàka sí ẹlòmíì pé kó bá mi lé èrò sẹ́yìn. Tó o bá kígbe sí gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó máa dáhùn.

Nígbà tó lajú, ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní àwọn ń lọ sílé, pé ara ẹ̀ ti yá. Mi ò gbà. Ẹni tí omi ti kan ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ lè má rí èémí mí dáadáa lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Mo bá wọn wọ mọ́tò dé ilé ìwòsàn, wọ́n fi ọ́síjìn sí i nímú, wọ́n sì dá a dúró mọ́jú.